Sàíkọ́lọ́jíìsì, dókítà ọpọlọ, pásítọ̀ àbí àgbà ẹbí: ta ló yẹ kẹ́ ẹ lọ bá tí ọkàn yín ò bá balẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Kabba, Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀, Ìyàrá, Ayétòrò Gbẹdẹ títí dé ìhà Bùnú, gbogbo ilẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogi, mo kí gbogbo yín, Okun o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, a kì í sábà gbé e síta. Èèyàn á máa lọ sọ́jà, á máa lọ sóko, á máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sùkúù, ṣùgbọ́n tó bá di òru, ojú ẹ̀ á là sílẹ̀ kalẹ, àyà ẹ̀ á máa já, oúnjẹ ò ní wọ ọ̀fun ẹ̀, ọmọ tó bá sì ṣe nǹkan kékeré á jágbe mọ́ ọn bí ẹni pé ó jí owó. Ẹ bi í, á ní kò sí nǹkan, ó rẹ òun ni. Àwọn míì á ní orí àwọn ń gbóná, àwọn míì á ní nǹkan kan ń rìn lára àwọn, wọ́n á ṣe tẹ́ẹ̀sì ibà àti táífọ́ọ̀dù títí owó á fi tán, wọn ò ní rí nǹkan kan. Lọ́pọ̀ ìgbà ìdààmú ọkàn ló wà nídìí ẹ̀, ó sì ní ìtọ́jú.

Ibi tó ti ń ṣòro ni ta la máa lọ bá. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà tó jìn tí ọjà ti ń tú lọ ńkọ́? Kí n ti sọ ìhà tí mo wà kẹ́ ẹ mọ̀: fún ìdààmú ojoojúmọ́, ìyẹn àìróorunsùn, ìrònú tí ò dáwọ́ dúró, ìbẹ̀rù tó ń lé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀fọ̀ tí ò tán nílẹ̀, èmi gbà pé sàíkọ́lọ́jíìsì, ìyẹn ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn, ló yẹ kó wà lókè lísìtì wa, a sì ti fi í sí ìsàlẹ̀ pátápátá torí a rò pé ẹni tó bá ti ń já aṣọ nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo nǹkan ló lè ṣe, ibì kan wà tí àgbà ẹbí fi jù ú lọ, ibì kan wà tó jẹ́ dókítà ló ni ín, ẹ jẹ́ ká wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

ÈYÍ TÍ Ò GBA KÁ MÁA YÀN

Tí ẹnì kan bá ti ń sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí ó ń pín ẹrù ẹ̀ fáwọn èèyàn, tàbí ó ń gbọ́ ohùn tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́, tàbí ìyá ọlọ́mọ tuntun tó ní nǹkan kan ń sọ fóun pé kóun pa ọmọ náà lára, ẹ má jókòó máa ka ìfiwéra. Ọsibítù tó sún mọ́ yín jù ni, lónìí, kí ẹnì kan máa bá a lọ, kẹ́ ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ kó oògùn apakòkòrò oko kúrò níbi tọ́wọ́ á ti tó o, àti oògùn tó pọ̀ nínú ilé, torí èrò ikú máa ń wá bí ìjì, ó sì máa ń rọlẹ̀, ẹni tí ò rí nǹkan tó máa lò lásìkò tó le yẹn sábà máa ń là á já. Tẹ́ ẹ bá sì bi í tààrà pé "ṣé o ń rò ó láti pa ara ẹ ni", ìbéèrè yẹn ò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn, ó kàn máa ń jẹ́ kó rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni.

SÀÍKỌ́LỌ́JÍÌSÌ ÀTI DÓKÍTÀ ỌPỌLỌ

Àwọn méjì yìí la máa ń dà pọ̀ jù. Dókítà ọpọlọ, dókítà bíi ti gbogbo dókítà ni, ó kọ́ ìṣègùn òyìnbó parí kó tó wá tún fi ọdún mélòó kan kọ́ ti ọpọlọ, torí náà ó lè kọ oògùn, ó lè ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ó lè dá yín dúró sí wọ́ọ̀dù. Sàíkọ́lọ́jíìsì lọ kọ́ bí èèyàn ṣe ń ronú, bí ẹ̀rù ṣe ń wọ ara, bí ìwà ṣe ń mọ́ni lára àti bó ṣe ń kúrò. Èyí tó ń tọ́jú aláìsàn nínú wọn á tún ka ìwé sí i lẹ́yìn dígírì àkọ́kọ́, á sì kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ẹ̀ ní ọsibítù. Ní Nàìjíríà wa níbí kì í kọ oògùn. Ọ̀rọ̀ ni irinṣẹ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ tó máa ní kẹ́ ẹ lọ ṣe nílé.

Èwo lẹ máa yàn? Tẹ́ ẹ bá ṣì ń jáde, tẹ́ ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ bó tilẹ̀ ń ni yín lára, sàíkọ́lọ́jíìsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Tó bá ti di pé ẹ ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ti rù, ọ̀rọ̀ yín ò já gaara mọ́, ìnáwó òjijì àti ìṣe tí ò bá yín mu ń pọ̀, dókítà ọpọlọ ni kó kọ́kọ́ rí yín, kí ti sàíkọ́lọ́jíìsì wá tẹ̀ lé e. Tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá ti le gan-an, méjèèjì pọ̀ ló máa ń dára jù, ẹ̀yin ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ẹni tó ń lo oògùn ò gbọ́dọ̀ lọ bá sàíkọ́lọ́jíìsì.

Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kì í ṣe pàrásítámọ́ọ̀lù o. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kéèyàn tó rí ìyàtọ̀, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń jáwọ́ pé kò ṣiṣẹ́. Ẹlòmíì á lò ó títí ara á fi yá, á wá dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà, gbogbo nǹkan á tún padà wá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kan wà tí dókítà ní tí sàíkọ́lọ́jíìsì ò ní, ìyẹn ni pé ó lè wo inú ara. Thyroid tó wà lọ́rùn, tó bá ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ, ó lè mú kí àyà máa já kí ọwọ́ máa gbọ̀n, ẹ máa rò pé ìbẹ̀rù ni. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lè mú kó máa rẹ èèyàn bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Sàíkọ́lọ́jíìsì tó mọṣẹ́ á bi yín bóyá ẹ ti rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan.

KẸ́MÍÌSÌ

Oorun ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé kẹ́míìsì, ibí yìí ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù á fún yín ní diazepam tá à ń pè ní Válíọ̀mù, ẹ máa sùn lóòótọ́, ọjọ́ kejì ẹ tún fẹ́ lò ó. Nǹkan tí àwọn tó mọ oògùn ń sọ ni pé kó má ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lọ, torí ó máa ń mọ́ ara, tó bá ti mọ́ ọn ẹ máa nílò púpọ̀ sí i kẹ́ ẹ tó sùn, tẹ́ ẹ bá sì fi í sílẹ̀ lójijì àìsùn náà á padà wá pẹ̀lú ẹ̀rù àti gbígbọ̀n, ẹni tó ti lò ó pẹ́ tó sì pọ̀ lè ní gìrì pàápàá. Àwọn àgbàlagbà tó ń lò ó ń ṣubú ní ìdájí tí wọ́n bá fẹ́ lọ tọ̀, egungun ìdí á kán, a ó máa ní àwọn ayé ló ṣe é. Tramadol àti ògógóró tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi pa ìrònú rẹ́, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀, ìrònú náà á dúró dè wọ́n di àárọ̀.

Kí ni sàíkọ́lọ́jíìsì máa ṣe sí oorun? Ó máa ní kẹ́ ẹ mú ìwé, kẹ́ ẹ máa kọ ìgbà tẹ́ ẹ wọ bẹ́ẹ̀dì, ìgbà tẹ́ ẹ rò pé ẹ sùn, iye ìgbà tẹ́ ẹ jí, ìgbà tẹ́ ẹ dìde, fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Lẹ́yìn ẹ̀ á wò ó, á rí i pé ẹ ń lo wákàtí mẹ́sàn-án lórí bẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ lè sùn wákàtí márùn-ún, á wá gé e kù, á ní aago mọ́kànlá ni kẹ́ ẹ wọlé, aago márùn-ún ààbọ̀ ni kẹ́ ẹ dìde, yálà ẹ sùn àbí ẹ ò sùn, Sátidé àti Sọ́ńdè náà. Tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ tó ìṣẹ́jú ogún tí oorun ò wá, ẹ dìde, ẹ lọ jókòó sí pálọ̀, ẹ ṣe nǹkan jẹ́jẹ́ láìtan fóònù, ìgbà tójú bá ń pa dé kẹ́ ẹ padà. Kò ní sí oorun ọ̀sán, kò ní sí obì tàbí kọfí lẹ́yìn ọ̀sán. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń le gan-an, ara á wúwo, ẹ má gun ọ̀kadà lọ sọ́nà jíjìn lásìkò yẹn. Ẹni tó bá ní wárápá tàbí àìsàn tó ń mú inú ẹ̀ dùn láìnídìí nígbà kan tó sì ń rẹ̀ ẹ́ nígbà míì, kó sọ fún sàíkọ́lọ́jíìsì ṣáájú, torí gígé oorun kù lè mú un. Ìtọ́jú yìí ní orúkọ, CBT-I ni wọ́n ń pè é, ní ọdún 2016 sì ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ American College of Physicians kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló yẹ kí àgbàlagbà tí àìróorunsùn ẹ̀ ti pẹ́ kọ́kọ́ gbà, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń sọ̀rọ̀ oògùn. Àwọn tó ní oògùn oríṣiríṣi lọ́wọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ o.

PÁSÍTỌ̀, ÀLÙFÁÀ, WÒLÍÌ

Kò sẹ́ni tó ń gbé nílẹ̀ Okun tí ò mọ̀ pé ìsìn ló kó wa pọ̀. Nígbà tí ikú bá wọlé, ìjọ ló ń kọ́kọ́ dé, àwọn ni yóò se oúnjẹ, àwọn ni yóò sun ilé ọlọ́fọ̀ mọ́jú. Sàíkọ́lọ́jíìsì kan ò lè ṣe ìyẹn, aago iṣẹ́ ẹ̀ ti ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Ẹni tí ọkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó ń sunkún, tí ò rí oúnjẹ jẹ, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sí oṣù àkọ́kọ́, kò nílò sàíkọ́lọ́jíìsì rárá, àwọn èèyàn ẹ̀ ló nílò. Tó bá di ọdún kan tó ṣì dà bí àná, tí ò lè fọwọ́ kan ẹrù olóògbé, tí ò lè gba ibi tí wọ́n ti ń jọ rìn kọjá, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ sàíkọ́lọ́jíìsì wọlé.

Ibi tí pásítọ̀ àti àlùfáà ti ń já wa kulẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n bá ní kí aláìsàn dá oògùn dúró, tàbí kí ẹni tó ti rù máa gba ààwẹ̀ ọjọ́ púpọ̀, tàbí kí wọ́n máa so èèyàn mọ́lẹ̀ pé ẹ̀mí èṣù ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò òfin àtijọ́ ìgbà òyìnbó, òfin tuntun yìí ò sì fẹ́ kí wọ́n torí àìsàn ọpọlọ fi iṣẹ́ tàbí ilé gbígbé du ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín.

Ṣùgbọ́n ẹ ò ní láti yan ọ̀kan kẹ́ ẹ sọ èkejì nù. Ní ọdún 1954 ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn sí ààrin àwọn ará abúlé ní Àró, l'Abẹ́òkúta, ẹbí á bá wọn wá, wọ́n á máa gba ìtọ́jú lọ́sàn-án wọ́n á máa gbé bí èèyàn, ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní ọdún 2020 Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Ìbàdàn àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet, ní Nàìjíríà àti Gánà ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń lọ bá àwọn aláìsàn tí ọpọlọ wọn dàrú gan-an nílé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn aládùúrà, tí wọ́n jọ ń tọ́jú wọn. Ara àwọn aláìsàn tí wọ́n jọ tọ́jú báyìí yá ju ti àwọn tó wà lọ́wọ́ oníṣègùn àti aládùúrà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ. Torí náà tí pásítọ̀ yín bá jẹ́ ẹni tó ní "ẹ lọ rí dókítà, èmi náà á máa gbàdúrà", ẹ di í mú, èèyàn rere lẹ rí.

Sàíkọ́lọ́jíìsì tó mọṣẹ́ náà ò ní bá yín jà lórí ìgbàgbọ́ yín. Á bi yín ibi tí àdúrà ti ń ràn yín lọ́wọ́, á sì fi kún ìtọ́jú. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ń fi ẹ̀sìn yín ṣẹ̀sín, ẹ wá òmíì.

ÀGBÀ ẸBÍ, ÀTI Ọ̀RỌ̀ ÀṢÍRÍ

Tó bá jẹ́ ìjà ilẹ̀, ìjà ogún, ọkọ àti aya tí àna ń da ààrin wọn rú, ẹ gbàgbé sàíkọ́lọ́jíìsì, ẹ lọ bá àgbà ẹbí. Ó lè pe ìhà méjèèjì jókòó, ó lè bá ẹni tó jẹ̀bi wí, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì máa múlẹ̀. Sàíkọ́lọ́jíìsì ò ní agbára yẹn, ẹni tó bá wá bá a nìkan ló lè ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ṣùgbọ́n tí ohun tó ń dun yín bá jẹ́ nǹkan tẹ́ ẹ ò fẹ́ kí ẹbí mọ̀? Ọmọbìnrin tí ẹnì kan nínú ilé fọwọ́ bà lọ́nà tí ò tọ́, ọkùnrin tó ń wólẹ̀ lọ́kàn torí gbèsè, tíṣà tó ń rò ó pé òun ò ní láárí mọ́? Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ìlú wa ṣe rí. Ẹni tó o bá sọ̀rọ̀ fún ní Kabba lówùúrọ̀, kó tó dalẹ́ wọ́n á ti gbọ́ ní Ìyàrá, kì í ṣe pé wọ́n burú, ìfẹ́ ni wọ́n á fi sọ ọ́, wọ́n á ní kí lágbájá bá wa fi sádùúrà. Kí èèyàn tó mọ̀, wọ́n ti ń wò ó lójú ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ibí ni mo ti rò pé sàíkọ́lọ́jíìsì ta gbogbo wọn yọ. Iṣẹ́ ẹ̀ fi dè é pé kó má sọ ọ̀rọ̀ yín síta. Àwọn àyè kan wà tó lè gbà sọ ọ́, ó sì yẹ kó ka àwọn àyè náà fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọkàn: tí ẹ̀mí yín bá wà nínú ewu, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ẹlòmíì léṣe, tí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé, tàbí tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Tí ò bá sọ ọ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bi í. Àwọn kan nínú wa á tún rìn jìnnà sí ìlú tiwọn mọ̀ọ́mọ̀, ẹni tó ń gbé ní Mọ̀pà á lọ sí Ìlọrin, kò burú, owó ọkọ̀ yẹn ń ra ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ewú orí nìkan ti tó. Ní Zimbabwe, láti ọdún 2006, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà ní Harare, wọ́n á jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn, ẹni tó bá ní "ìrònú jù mí lọ" á wá jókòó tì wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lọ́dún 2016, àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà ní ìdààmú tó kéré jọjọ ju àwọn tó gba ìtọ́jú lásán. Àmọ́ àwọn ìyá yẹn kọ́ ọ ni. Wọ́n kọ́ wọn kí wọ́n má máa dáhùn kí wọ́n tó gbọ́ tán, kí wọ́n ní kí aláìsàn ka gbogbo ìṣòro ẹ̀ sílẹ̀, kó mú ẹyọ kan, kó ronú ọ̀nà tó lè gbà, kó lọ dán an wò, kó padà wá sọ bó ṣe lọ. Àgbà tiwa náà, tó bá ti gbọ́ gbólóhùn méjì, ó ti bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn, "èmi náà jìyà nígbà ogun". Ìfẹ́ wà ńbẹ̀, ọ̀nà ṣíṣe ẹ̀ ni ò sí.

KAÚŃSẸ́LỌ̀ SÙKÚÙ

Fún ọmọ tó ń bẹ̀rù WAEC àti JAMB, tí ò mọ kọ́ọ̀sì tó máa yàn, tí àwọn ọmọ kíláàsì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kaúńsẹ́lọ̀ sùkúù tó, kò sí owó kankan ńbẹ̀. Tó bá ti di pé ọmọ ń gé ara ẹ̀, tàbí kò jẹun mọ́, tàbí ó ti fi sùkúù sílẹ̀ lójijì, kí kaúńsẹ́lọ̀ fún yín ní lẹ́tà lọ sí ọsibítù, kó má dá a ṣe.

KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ YÀRÁ YẸN?

Ẹ jẹ́ ká mú awakọ̀ kan tó ń gbé ẹrù gba Ọbájánà. Wọ́n da ọkọ̀ tó wà níwájú ẹ̀ dúró, ajínigbé ni, ó fi rìvásì sá lọ. Kò fara pa. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀, òógùn á bò ó, àyà ẹ̀ á máa lù kìkìkì, ó ti fi àrékérekè yẹra fún iṣẹ́ tó gba ọ̀nà yẹn, ó wá ń yẹra fún gbogbo ọ̀nà, ó wá jókòó sílé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní kó ṣe ọkàn akin. Pásítọ̀ gbàdúrà, ara fúyẹ́ lọ́jọ́ náà, ó tún padà.

Sàíkọ́lọ́jíìsì kọ́kọ́ fún un ní ìwé ìbéèrè. Tó bá jẹ́ ti ìrẹ̀wẹ̀sì, PHQ-9 ni, ìbéèrè mẹ́sàn-án nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ìkọ̀ọ̀kan ní òdo sí mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ 27, tó bá ti tó 10 wọ́n á wò ó dáadáa. Ìwé yẹn kì í ṣe ìdájọ́, wọ́n á tún fún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n lè mọ̀ bóyá nǹkan ń sún. Pásítọ̀ tàbí àgbà ẹbí kì í ní òṣùwọ̀n báyìí, ìyàtọ̀ ńlá ni.

Lẹ́yìn ẹ̀ á là á yé e ìdí tí ara fi ń ṣe bẹ́ẹ̀: ọpọlọ ti kọ ibi yẹn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ikú, gbogbo ìgbà tó bá sì sá, ọpọlọ á ní "ẹ ò rí i, sísá ló gbà wá", ẹ̀rù á tún gbilẹ̀ sí i. Wọ́n á wá jọ kọ àkàsọ̀ kan sórí ìwé. Ìsàlẹ̀ pátápátá: kó jókòó sínú ọkọ̀ tó dúró, kó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, láìṣíná. Èyí tó tẹ̀ lé e: kó wakọ̀ dé ilé epo, ọ̀sán gangan. Lẹ́yìn náà ọ̀nà tí ò ní ìtàn kankan. Lẹ́yìn náà ọ̀nà yẹn, òun pẹ̀lú ẹlòmíì. Lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan á dúró títí ẹ̀rù á fi wálẹ̀ fúnra ẹ̀, torí ẹ̀rù máa ń wálẹ̀, ara ò lè máa pariwo títí lọ. Sàíkọ́lọ́jíìsì tó ní làákàyè ò ní rán an lọ sí ibi tó léwu lóòótọ́ o, tí ọ̀nà yẹn bá ṣì burú, wọ́n á fi ọ̀nà tó láàbò ṣe é, ìbẹ̀rù tó ju ewu lọ ni wọ́n ń tọ́jú.

Ẹni tó jẹ́ pé ìrònú ni tiẹ̀ náà á rí ìwé gbà, wọ́n á fa ìlà sí i: nǹkan tó ṣẹlẹ̀, nǹkan tí mo rò, bó ṣe ṣe mí, ẹ̀rí wo ni mo ní. Màmá tó ń ta gààrí á kọ pé "ọmọ mi ò gbé fóònù, mo rò pé ó ti kú, àyà mi já, ẹ̀rí: kò sí, ó wà ní kíláàsì". Á máa kọ ọ́ lójoojúmọ́, títí ojú ẹ̀ á fi máa rí i pé ọkàn òun ti ń sáré ṣáájú ọ̀rọ̀. CBT ni wọ́n ń pè é, dókítà Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Aaron Beck ló gbé e kalẹ̀ láwọn ọdún 1960, ó sì ní ìparí: ìjókòó bíi 12 sí 20 ló sábà ń gbà, tó jẹ́ bíi ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Ìṣòro tí ò wúwo lè tán ní mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ ò ní máa lọ títí ayé.

FÓÒNÙ ÀBÍ OJÚ-KO-JÚ?

Fún ìrẹ̀wẹ̀sì àti ìbẹ̀rù, ìwádìí ti fi hàn pé ti orí fídíò ń ṣiṣẹ́ bíi ti ojú-ko-jú, ó sì gba yín lọ́wọ́ owó ọkọ̀ àti ìbẹ̀rù ọ̀nà. Ìṣòro tiwa ni nẹ́tíwọọkì, ìṣòro kejì ni ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí. Ilé tí ògiri ẹ̀ fẹ́lẹ́, tí àwọn ọmọ ń sáré wọlé, ẹ ò ní lè sọ òótọ́ níbẹ̀. Ẹ wá inú mọ́tò, ẹ wá ọ́físì ọ̀rẹ́ nígbà tí wọ́n ti ṣíwọ́, ẹ fi íápíìsì sétí. Tí nẹ́tíwọọkì ò bá gbé fídíò, ohùn nìkan náà tó. Èyí tí wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp nìkan, mi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀ fún nǹkan tó wúwo. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́, tàbí tó ń ronú ikú, ojú-ko-jú ni.

NÍBO, ÈLÓ, ÀTI BÍ Ẹ ṢE MÁA MỌ GIDI

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù tó sún mọ́ yín, ọsibítù ìjọba ìlú yín tàbí ti ìjọ ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, kí dókítà ibẹ̀ yẹ ara wò kó sì kọ lẹ́tà. Lẹ́yìn ẹ̀, Federal Teaching Hospital Lọ́kọ́jà tá a mọ̀ sí FMC tẹ́lẹ̀, tàbí fún àwọn ará Ìyàgbà tó sún mọ́ Kwara, UITH, ọsibítù yunifásítì Ìlọrin, tó ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìwà àti ọpọlọ. Ẹ má gbéra láìbèèrè: ẹ pè tàbí kẹ́ ẹ rán ẹnì kan lọ béèrè ọjọ́ tí sàíkọ́lọ́jíìsì máa ń jókòó, torí kì í ṣe ojoojúmọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Owó ọsibítù ìjọba sábà máa ń kéré sí ti aládàáni, àwọn tó wà lórí NHIA, ètò adójútòfò ìlera ìjọba, kí wọ́n béèrè èyí tí ètò wọn gbé.

Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bi í ní ìbéèrè láìbẹ̀rù: Níbo lẹ ti kọ́ ọ? Ṣé ẹ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn sàíkọ́lọ́jíìsì tó ń tọ́jú aláìsàn ní Nàìjíríà? Irú ìṣòro tèmi, báwo lẹ ṣe máa ń tọ́jú ẹ̀, ìjókòó mélòó? Èló? Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní bínú. Ẹ sá fún ẹni tó ní ẹ̀ẹ̀kan péré lòun máa fi wò yín sàn, ẹni tó ń ta àgbo tàbí súpílímẹ́ǹtì lẹ́yìn ìjókòó, ẹni tó ń sọ ìtàn aláìsàn míì pẹ̀lú orúkọ, ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn yín tàbí bá yín ṣọ̀rẹ́ níta.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò dání, ti kẹ́míìsì àti àgbo pẹ̀lú, ẹ má fi ìkankan pamọ́. Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta tó ń dí yín lọ́wọ́ jù sílẹ̀, bíi "mi ò lè sùn", "mò ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ", torí tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ lè gbàgbé. Ẹ lè mú ẹnì kan dání, kó jókòó níta. Tó bá di ìjókòó kẹta sí kẹrin tẹ́ ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yín méjèèjì ò wọ̀, ẹ sọ fún un, ó lè yí ọwọ́ padà tàbí kó darí yín sí ẹlòmíì, kí ìwé tó ti kọ nípa yín sì bá yín lọ.